Iná Funfun Nínú Tọ́ọ̀ṣì Ìyá Láwùmí

Ìyá Láwùmí kì í gbé nǹkan fún oníṣẹ́ ọwọ́ kó wá kọrí sílé. Bó bá gbé bàtà lọ fún ṣúmẹ́kà, àfi kó jókòó tì í títí abẹ́rẹ́ yóò fi jáde nínú awọ. Bó bá jẹ́ rédíò ni, yóò ní kí wọ́n ṣí i lójú òun, yóò sì yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná láti inú báàgì rẹ̀, yóò fi tọ́ gbogbo ohun tó ṣeé yọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àmì ni. Ẹni tó bá yọ ojúlówó tó fi ayédèrú dípò, kútẹ́ẹ̀sì ni yóò tú u fó.

Àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá iwájú nílé wọn ní Agbowó ń pè é ní Màmá CID lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì dùn ún. Páńsá ò fura, páńsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Fíríìjì kan tó gbé fún atúnfíríìjì-ṣe ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́sí ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Fíríìjì náà padà wálé pẹ̀lú ariwo, ṣùgbọ́n ó fi òtútù sílẹ̀ sí Mọ́kọ́lá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúdọ̀tun Akíndúró, kì í gbè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Oǹdó ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Ìbàdàn, ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ ẹni tó gba gbogbo ayé gbọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní mẹkáníìkì ń jalè, yóò ní ọmọ dáadáa ni. Bó bá ní télọ̀ gé aṣọ òun kù, yóò ní bóyá òun ló sanra. "Ìwọ yìí," ló máa ń wí, "bí áńgẹ́lì bá kan ilẹ̀kùn wa, o máa ní kó kọ́kọ́ mú káàdì ìdánimọ̀ jáde." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sí ẹnì kan tí Ìyá Láwùmí fura sí tí Bàbá Láwùmí kò gbèjà.

Tọ́ọ̀ṣì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò ju bíírò lọ. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ó ní ìkọ́ tí a fi ń há a mọ́ àpò àyà, òkúta bátìrì tínínrín méjì ló sì ń jẹ. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Láwùmí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti fi tọ́ọ̀ṣì náà wo ọ̀fun ọmọdé, ó ti fi wo ojú ẹni tí ọ̀kadà gbá ṣubú, ó sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì níṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Nísinsìnyí, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń fi wò, ìyẹn ojú ọkọ rẹ̀.

Ní èṣí, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gbé Bàbá Láwùmí dè. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló fà á. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn, dókítà pe Ìyá Láwùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọjọ́ tí funfun ojú Bàbá bá tún ti pọ́n, kí wọ́n má ṣe dúró di ọ̀la. Bí wọ́n bá tètè wá, ó ṣeé wò. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà kò ní dúró dè wọ́n. Ìyá Láwùmí kì í ṣe ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jábọ́ lára rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní ìdájí, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ ní Bódìjà, yóò ní kí Bàbá jókòó sétí ibùsùn, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò wá ní, "Ojú yín mọ́." Bàbá yóò ní, "A dúpẹ́." Kì í ráyè wo ojú náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bó bá máa fi dé ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú. Lọ́jọ́ ìsinmi ńkọ́? Bàbá kì í yọ dígí dúdú kúrò lójú lọ́sàn-án, nítorí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú náà rí, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń ta òun. Iná fóònù tilẹ̀ burú jù, ó ní ó ń gún òun dé ọpọlọ. Tọ́ọ̀ṣì kékeré yìí nìkan ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ọ́ lójú.

Láìpẹ́ yìí, ara Ìyá Láwùmí tún wá ń fu. Bàbá ń ṣẹ́ ẹ̀bà kù sínú àwo. Bó bá gun àtẹ̀gùn iwájú ilé, á dúró mí. Ó ní ooru ni. Ìyá Láwùmí kò gba ooru gbọ́. Àgbo ló fura sí, àgbo kíkorò tí wọ́n ń kiri lágbègbè wọn, èyí tí dókítà ti ní kí Bàbá má fẹnu kàn mọ́ láéláé. Ó ń gbóòórùn ife. Ó ń yẹ abẹ́ ibùsùn wò. Kò rí nǹkan kan, èyí sì mú kí ìfura rẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí ẹni tó bá mọ nǹkan pa mọ́ dáadáa ni a kì í rí nǹkan rẹ̀. Àárín èyí gan-an ni tọ́ọ̀ṣì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Iná rẹ̀ á tàn, á rẹ̀, á tún tàn. Ìyá Láwùmí wá gílóòbù kékeré irú rẹ̀ títí dé Ojoo, kò rí i. "Màmá," ni wọ́n ń wí fún un, "ta ló tún ń ta ìyẹn láyé yìí?"

Ẹnì kan ló júwe Nasir fún un ní Dùgbẹ̀. Abẹ́ agboòrùn ńlá kan ni Nasir ń jókòó sí, ó ń tún fóònù, rédíò àti tọ́ọ̀ṣì ṣe. Nígbà tó rí tọ́ọ̀ṣì Ìyá Láwùmí, ó fa àpò ọ̀rá pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpótí. Gílóòbù LED kékeré kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú sípíríǹgì tuntun àti dígí rogodo tó ń bo iwájú iná.

"Màmá, èyí la fi ń sọ àtijọ́ di tuntun. A ò ní pààrọ̀ ara ẹ̀, inú ẹ̀ nìkan la máa yí. Ó máa mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òkúta ẹ̀ ò sì ní tètè kú."

"Kí ló wá dé tí gbogbo ènìyàn ò fi mọ̀ nípa rẹ̀ tó bá dáa tó bẹ́ẹ̀?"

"Màmá, torí gbogbo ènìyàn ti ń fi fóònù ríran ni."

Ìyá Láwùmí fa bẹ́ńṣì, ó jókòó. Ó yọ kútẹ́ẹ̀sì. Ó tọ́ ọ sí ìdérí, ó tọ́ ọ sí ìkọ́, ó tọ́ ọ sí inú ibi tí òkúta ń wọ̀. Nasir gbé ọwọ́ lérán, ó ń wò ó.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gbé e níyàwó ni? Ẹ ti kun èékánná fún un tán."

"Ṣe iṣẹ́ rẹ. Kí o sì kó ògbólógbòó tí o bá yọ fún mi. Gbogbo ẹ̀."

Nasir ṣe é lójú rẹ̀. Ó yọ gílóòbù àtijọ́, Ìyá Láwùmí gbà á, ó dì í sí etí áńkáṣíìfù funfun rẹ̀. Nasir fi tuntun há a, ó yí sípíríǹgì, ó dé dígí lé e, ó gbé e fún un. Ìyá Láwùmí ki òkúta rẹ̀ bọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń kì í láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ó tẹ ìdí rẹ̀. Kò tàn. Ó tún un tẹ̀.

"Áà! Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ibi tó ń lọ nìyẹn!" Àwọn tó ń kọjá dúró wò wọ́n. "O ti ba tọ́ọ̀ṣì mi jẹ́!"

Nasir gba tọ́ọ̀ṣì náà, ó yọ òkúta, ó yí orí wọn sókè, ó kì wọ́n padà. Iná ta yọ, funfun báláú.

"Màmá, gílóòbù àtijọ́ ò mọ orí, kò mọ ìdí. Bó ṣe wù yín lẹ ṣe lè ki òkúta sí i. LED ní ibi tó ń kọrí sí. Ẹ má bínú, èmi ni ò sọ fún yín."

Ojú ti Ìyá Láwùmí díẹ̀. Ó san owó rẹ̀, ó wọ takisí Máíkírà padà sí Agbowó. Ṣùgbọ́n kó tó dé Mọ́kọ́lá, ó ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí Nasir fi tètè tọrọ àforíjì. Olóòótọ́ kì í sábà bẹ̀bẹ̀ kíá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ́jọ́ kejì, Bàbá jókòó sétí ibùsùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá Láwùmí tan iná sí i. Kíá ni Bàbá di ojú pinpin.

"Pa á! Ó ń gún mi lójú!"

"Ẹ ṣe sùúrù fún mi." Ó fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó tún padà sí ọ̀tún. Funfun ojú ọkọ rẹ̀ kò funfun. Ó pọ́n rúsúrúsú láti igun dé igun.

"Kí lo rí?" ni Bàbá bi í.

"Ó pọ́n."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Gílóòbù yẹn ni. Ṣebí o wò mí lánàá, o ní ó mọ́? Ojú ta ló ń pọ́n báyẹn láàárín òru kan? Ọmọ Dùgbẹ̀ yẹn ti rẹ́ ọ jẹ, Ìyá Láwùmí. Ayédèrú ló fi sí i. Irú wọn kọ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Dá a padà fún un."

Ìyá Láwùmí mí kanlẹ̀. Òótọ́ ni! Lánàá, pẹ̀lú gílóòbù àtijọ́, ojú náà mọ́. Ìmọ́lẹ̀ burúkú ni, kì í ṣe ojú burúkú. Inú bí i sí Nasir gan-an, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ìbínú náà dùn mọ́ ọn. Ó sàn kí Nasir jẹ́ olè ju kí ojú ọkọ òun pọ́n lọ. Kò tilẹ̀ ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bódìjà. Dùgbẹ̀ ló forí lé tààrà, Nasir ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na agboòrùn rẹ̀ ni Ìyá Láwùmí ti dé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ mi ti ní irú yín kọ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí! Iná wo lo fi sínú tọ́ọ̀ṣì mi tó ń kun nǹkan lọ́dà?"

"Màmá, ẹ káàárọ̀ ná."

"Mi ò kí ọ! Ohun tó funfun ló ń pọ́n lójú iná rẹ."

Nasir kò bá a jà. Ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sí ojú ara rẹ̀, ó ní kí Ìyá Láwùmí wò ó. Funfun ojú rẹ̀ funfun. Ìyá Láwùmí ní nítorí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ni. Nasir gbé dígí kékeré kan fún un, ó ní kí ó wo tara rẹ̀. Ìyá Láwùmí tan iná náà, ó la ojú sí dígí. Ojú àgbàlagbà ló rí, ojú tó ti rí nǹkan, ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ ṣì wà ní funfun.

"Gílóòbù àtijọ́ yẹn dà, Màmá?"

Ó tú etí áńkáṣíìfù, ó mú un fún un. Nasir fi wáyà méjì so ó mọ́ òkúta, ó ní kí Ìyá Láwùmí tẹ́ áńkáṣíìfù náà sínú àpótí rẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀. Iná àtijọ́ náà tàn án, ó rọra ń mì, áńkáṣíìfù sì mọ́ tónítóní. Nasir wá tan tuntun sí i. Àbàwọ́n epo tó ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tí kò fẹ́ lọ tán hàn ní àárín rẹ̀, ó pọ́n, ó tóbi tó ojú ife.

"Ṣé ẹ rí i? Gílóòbù àtijọ́ yẹn, iná ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló pọ́n. Ohun tó bá pọ́n díẹ̀, ńṣe ló máa gbé e mì. Tuntun yìí ò fi nǹkan kan kún un, Màmá. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ló ń fi hàn."

Ohùn ara rẹ̀ ni Ìyá Láwùmí ń gbọ́, nígbà tí àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì tò yí i ká nínú wọ́ọ̀dù. Ẹ gbé aláìsàn sójú fèrèsé. Ẹ má ṣe fi iná gílóòbù wo ojú tí ẹ bá fura pé ó ń pọ́n. Ọdọọdún ló ń sọ ọ́ fún wọn. Ó sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kò sọ ọ́ fún ara rẹ̀, nítorí ní wọ́ọ̀dù ó ń wá àìsàn, ṣùgbọ́n nínú yàrá tirẹ̀, àlàáfíà ló ń wá.

Síbẹ̀, ó tún fẹ́ jà. Ó la ẹnu láti sọ pé Nasir ti pidán. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló dá a dúró. *Irú wọn kọ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí.* Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá Láwùmí! Bàbá Láwùmí tó gbèjà mẹkáníìkì, tó gbèjà télọ̀, tó gbèjà ẹni tó ba fíríìjì jẹ́, òun ló pe ọmọ tí kò rí rí ní olè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ara Ìyá Láwùmí fu, ó fu gidi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fu sí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan.

"Nasir, má bínú," ló wí. Ó gba tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dá Máíkírà dúró, ó kọrí sílé.

Ó bá Bàbá ní pálọ̀. Kọ́tìnnì wà ní títì, dígí dúdú wà lójú rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀.

"O ti tètè dé. Ṣé ọmọ náà gbà pé ayédèrú ni?"

Ìyá Láwùmí kọjá lára rẹ̀, ó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oòrùn wọlé.

"Bàbá Láwùmí, ẹ yọ dígí yẹn."

"Ìmọ́lẹ̀ ń ta mí."

"Ẹ yọ ọ́."

Bàbá gbé ọwọ́ sí dígí náà, kò yọ ọ́. "Ìyá Láwùmí, jọ̀ọ́," ló wí. "Jẹ́ kó jẹ́ gílóòbù ni."

Ìyá Láwùmí jókòó tì í. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ń lọ sí oṣù kan. Ìtọ̀ mi ló kọ́kọ́ pọ́n. Mo wá lọ wo ojú mi nínú dígí."

"Oṣù kan! Èmi wá ń gbóòórùn ife kiri, mò ń wá àgbo!"

"Mi ò mu àgbo. Mo ṣèlérí fún ọ, mi ò sì mu ún." Ó pa rédíò. "Ṣé o rántí ẹ̀gbọ́n mi, Wándé? Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú irú ojú yìí. Èmi ni mo bá wọn gbé e jáde. Ẹ̀rù ló bà mí. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń sọ fún ara mi pé bí o bá rí i lónìí, mo máa lọ. O máa tan tọ́ọ̀ṣì, o máa ní ojú mi mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, Ìyá Láwùmí. Mo mọ ohun tí mo rí nínú dígí, ṣùgbọ́n bí o bá ti ní ó mọ́, mo máa ń gbà ọ́ gbọ́ títí di ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ẹ̀tàn lọ. Bó bá jẹ́ irọ́ ni Bàbá pa, ì bá mọ bó ṣe máa bínú. Ó ti fura sí ṣúmẹ́kà, ó ti fura sí télọ̀, ó fura sí Nasir lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò fura rí sí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó wọ yàrá lọ, ó mú bàtà Bàbá wá, ó kúnlẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ fún un. Bàbá kò jà. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó na èkejì.

"Ṣé wọ́n á jẹ́ kí o wọlé tẹ̀ lé mi nílé ìwòsàn?"

"Ta ló máa dá mi dúró?"

Wọ́n jáde síta. Ojúlé ni Bàbá dúró sí, ó yọ dígí fúnra rẹ̀, ó gbójú sókè sí oòrùn, ojú rẹ̀ ń da omi.

"Wò ó dáadáa," ló wí. "Kí o sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí."

Ìyá Láwùmí di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wù ú láti sọ nǹkan mìíràn.

"Ó pọ́n," ló wí. "Ó pọ́n gan-an, Olúdọ̀tun."

Kò pè é ní orúkọ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Bàbá mi orí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì láti wá ọkọ̀.